Orí Kẹfà: Ṣé Ọwọ́ Ń Kó Hẹ́píìsì Ranni?

Ní Kpankou, ọ̀kan nínú àwọn àgbègbè tó para pọ̀ di Kétu lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọwọ́ kì í sinmi. Ọwọ́ ń bó ẹ̀gẹ́, ó ń yan gàrí, ó ń ka owó, ó ń fún ọmọ lóúnjẹ, òun náà la sì máa ń nà sí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ìléròró bá yọ sí ìyá ẹlẹ́kọ létè, ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn oníbàárà máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ̀kọ tó fi ọwọ́ yẹn mú, ṣẹ́ńjì tó fi ọwọ́ yẹn kà, ṣé èèyàn lè gbà á? Àwọn mìíràn ò ní sọ nǹkan kan. Wọ́n á kàn yà sọ́dọ̀ ẹlẹ́kọ kejì.

Ẹ jẹ́ n dáhùn kíá: kí wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀, torí ọwọ́ náà ò mọ́ délẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó láwọn ọ̀nà tó ń gbà kó hẹ́píìsì kiri. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ọ̀nà yẹn kọ́ ni ẹ̀rù wọn ń bà wá. À ń sá fún ṣẹ́ńjì, a sì ń fi abẹ la ìka ọmọ. À ń yẹra fún bíbọ ẹnìkejì lọ́wọ́, a sì ń ki ìka tí a ò fọ̀ bọ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́nu.

Fáírọ́ọ̀sì hẹ́píìsì tí à ń sọ yìí jẹ́ oríṣi méjì. HSV-1 ló sábà máa ń yọ sí ètè nígbà tí ara bá gbóná, tí àwọn àgbà á sì ní ibà ló ń jáde lẹ́nu. HSV-2 ló sábà máa ń yọ sí abẹ́. Mo ní ó sábà, torí kò sẹ́ni tó pààlà sáàárín wọn: ti ẹnu lè dé abẹ́ bí ẹnu bá dé ibẹ̀. Nínú ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fún ọdún 2020, nǹkan bíi bílíọ̀nù 3.8 ènìyàn tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún ló ní HSV-1, ìyẹn 64 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ní HSV-2, láti ọmọ ọdún 15 títí dé 49, jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 520. Nítòsí wa, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní 1997 àti 1998 ní ìlú mẹ́rin nílẹ̀ Áfíríkà bá HSV-2 lára nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin Kútọnu àti méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọkùnrin ibẹ̀. Ó pọ̀ lójú, àmọ́ Kútọnu ló kéré jù nínú àwọn ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ní Yaoundé, Kisumu àti Ndola, ó lé ní ìdajì àwọn obìnrin.

Ẹ tún wo iye ti HSV-1 yẹn. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá jókòó ti abọ́ kan, àfàìmọ̀ kí mẹ́fà nínú wọn má ti ní in, ọ̀pọ̀ wọn láti ìgbà ọmọdé, látẹnu ìyá àgbà tó fi ẹnu kò wọ́n lẹ́nu. Púpọ̀ nínú wọn kò sì ní rí ìléròró kan ṣoṣo títí wọ́n á fi dàgbà darúgbó. Oníbàárà tó ń yà fún ìyá ẹlẹ́kọ nítorí ètè rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti gbé ohun kan náà sára láti kékeré.

Bó bá ti wọlé, kì í jáde mọ́. Láti ibi tó ti wọ awọ, á bá iṣan ìmọ̀lára lọ títí dé ibi tí àwọn iṣan yẹn ti ṣù jọ: ti ẹnu wà nínú agbárí, ní sàkáání etí, ti abẹ́ wà nídìí ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ló máa ń sùn sí. Ibà, oòrùn tó mú jù, àárẹ̀, nǹkan oṣù obìnrin, ìdààmú ọkàn, èyíkéyìí nínú wọn lè jí i, á sì bá iṣan kan náà padà wá sójú awọ. Ibà kọ́ ló bí ìléròró ètè. Ibà jí i ni. Nígbà mìíràn pàápàá, á jáde sínú itọ́ láìsí egbò kankan, á tún padà sùn, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó jáde.

Ọwọ́ ńkọ́? Ní 1982, Ronald Turner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ àgbàlagbà mẹ́sàn-án wò tí egbò hẹ́píìsì wà létè wọn. Wọ́n bá fáírọ́ọ̀sì náà láàyè lọ́wọ́ mẹ́fà nínú wọn. Wọ́n tún wò ó bó ṣe ń pẹ́ tó lẹ́yìn tó bá kúrò lára: ó tó wákàtí méjì lórí awọ, mẹ́ta lórí aṣọ, mẹ́rin lórí ike.

Ẹni tó bá dáwọ́ ìwé kíkà dúró síbí, ẹ̀rù á bà á. Wákàtí méjì! Ní wákàtí méjì, ta ni ọwọ́ ẹlẹ́kọ ò tíì kàn lọ́jà? Ṣùgbọ́n kí fáírọ́ọ̀sì wà láàyè lọ́wọ́ ẹnìkan yàtọ̀ sí kó ríbi wọ ara ẹlòmíràn. Ó gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ bí itọ́ tó gbé e dé ọwọ́ ṣe ń gbẹ ló ń kú lọ. Wákàtí méjì yẹn ni ìgbà tó pẹ́ jù lọ, kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ rí ẹnu ọ̀nà. Awọ àtẹ́lẹwọ́, pàápàá ti ẹni tó ń roko, nípọn. Òkè rẹ̀ jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó ti kú tó tò léra wọn, fáírọ́ọ̀sì yìí kò sì lè bí sí i nínú òkú sẹ́ẹ̀lì. Ibi tó ń wá ni ibi tó tutù tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́: ètè, inú ẹnu, ojú, abẹ́. Tàbí kẹ̀, ibi tí awọ ti bó.

Ó tún ní àìlera kan tó yẹ kó dùn mọ́ wa nínú. Ọ̀rá ló fi bora. Bí ọṣẹ ṣe ń ká epo pupa kúrò lára ìkòkò náà ló ṣe ń tú ọ̀rá yẹn, ohun tó bá sì kù lẹ́yìn ìyẹn kò lè ran ẹnikẹ́ni. Kò di ọṣẹ olówó ńlá. Ọṣẹ dúdú tó wà nílé ti tó.

Mo rò pé mo mọ ibi tí ẹ̀rù ọwọ́ yìí ti wá. Ilẹ̀ Kétu mọ Ṣànpọ̀nná, àrùn tí à ń pè ní ilẹ̀ gbígbóná. Nígbà tí ilẹ̀ gbígbóná ń jà, ẹni tó bá fọwọ́ kan aláìsàn tàbí tó gbé aṣọ rẹ̀ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, torí èèpá egbò náà lè wà lára aṣọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ má kú. Àwọn baba wa tí wọ́n ń ya aláìsàn sọ́tọ̀ kò ṣe àṣejù rárá. Ní oṣù Karùn-ún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ láyé. Àrùn lọ, ẹ̀rù rẹ̀ kò bá a lọ. Ó jókòó sílé de ohunkóhun tó bá tún yọ sí ara.

N kò sì sọ pé kí a fojú kékeré wo gbogbo ìléròró. Mpox, tó jẹ́ ìbátan ilẹ̀ gbígbóná, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tìtorí rẹ̀ kéde pàjáwìrì ní oṣù Kẹjọ 2024, ń ràn nípa fífi ara kan ara, ó sì ń bá aṣọ ràn. Bí ohun tó yọ bá dé ojú, àyà, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, tí ibà àti kókó ọrùn bá a rìn, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ibà tó jáde lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ló kàn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí awọ tó bó. Ní 1989, wọ́n kó ọ̀dọ́mọkùnrin 175 jọ sí ibùdó ìjàkadì kan ní Minnesota, Amẹ́ríkà. Hẹ́píìsì mú ọgọ́ta nínú wọn. Orí àti ojú ló ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó yọ sí apá, ó yọ sí àyà pẹ̀lú, àwọn ibi tí hẹ́píìsì kì í sábà dé. Ẹ wo ohun tí ìjàkadì ń ṣe: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ha ẹ̀rẹ̀kẹ́, òógùn ti rẹ awọ, irùngbọ̀n tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ń ya ojú ẹnìkejì, wọ́n á sì dì mọ́ra bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú púpọ̀. Gbogbo ìyẹn ló gbà kí ó tó gba awọ lásán wọlé. Bíbọ ọwọ́ kò ní ọ̀kan nínú wọn. Ọwọ́ gbígbẹ méjì tó pàdé fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń sọ pé ẹ káàárọ̀, tí wọ́n sì yà, n kò rí bí hẹ́píìsì ṣe máa rí àyè níbẹ̀.

Ibi tí ọwọ́ ti jẹ̀bi ni ìka.

Ní 1909, oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ H. G. Adamson kọ̀wé nípa hẹ́píìsì tó mú ìka ọwọ́. Ní 1959, Stern àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú ìwé ìròyìn Lancet pé àwọn nọ́ọ̀sì ń kó o lẹ́nu iṣẹ́ nílé ìwòsàn. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun àwọn aláìsàn, itọ́ sì ń ráyè wọ ẹ̀gbẹ́ èékánná wọn. Àwọn oníṣègùn eyín náà kó o bẹ́ẹ̀ kí ìbọ̀wọ́ tó di ohun tí wọn kì í fi sílẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé àtẹ́lẹwọ́ kọ́ ló gbà wọlé. Ẹ̀gbẹ́ èékánná ni, níbi tí awọ ti máa ń ya, ìka náà sì ti wọ inú ẹnu tó tutù kó tó ṣẹlẹ̀.

Ta ló ń ki ìka bọ ẹnu ẹlòmíràn ní Kpankou? Agbẹ̀bí tó ń nu ẹnu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ìyá tó ń fi oògùn pa èrìgì ọmọ tó ń yọ eyín. Ìyàwó ilé tó ń fún ìyá ọkọ rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ àìsàn lóúnjẹ. Bí ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó ẹ̀gẹ́ bá sì ti ya ìka irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, ọ̀nà ti là sílẹ̀. Ọmọdé ní tirẹ̀ kì í nílò ẹlòmíràn: nígbà tí hẹ́píìsì bá kọ́kọ́ mú un, tí gbogbo ẹnu rẹ̀ di egbò, àtàǹpàkò tó ń mu ló máa gbé e lọ sí ìka ara rẹ̀.

Àkàndùn la máa ń pe ìka tó bá wú, tó pọ́n, tó ń ta ni títí ilẹ̀ fi mọ́. Èyí tí bakitéríà fà ló wọ́pọ̀ jù. Ọyún rẹ̀ á gbára jọ sójú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná, bí nọ́ọ̀sì bá sì fi irinṣẹ́ mímọ́ là á, á rọlẹ̀. Ti hẹ́píìsì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìka á kọ́kọ́ máa yún, á máa gbóná, kí nǹkan kan tó yọ. Ìléròró wẹ́wẹ́ á wá sú jọ, omi inú wọn á mọ́ gaara níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan omi náà lè ṣókùnkùn, òun ló sì ń tan èèyàn jẹ tí wọ́n fi ń rò pé ọyún ni. Wọ́n á mú abẹ. Ọyún kò ní jáde, torí kò sí níbẹ̀. Bakitéríà ló máa bá ojú abẹ wọlé, fáírọ́ọ̀sì náà á sì lè tàn dé ibi tí kò dé tẹ́lẹ̀. Ohun tó yẹ kó san fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta á wá di ọgbẹ́ oṣù méjì. Lójú tèmi, abẹ yẹn ti ba ìka jẹ́ ju hẹ́píìsì fúnra rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ má là á. Ẹ fi aṣọ mímọ́ gbígbẹ dì í, kí ọmọ má mu ún, kí ó má kan ojú. Ìyá tó ní in kó jẹ́ kí ẹlòmíràn wẹ ọmọ tuntun fún un títí yóò fi gbẹ. Bí ìka kan náà bá wú tó sì san, tó tún wú, hẹ́píìsì ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ fura sí, torí bó ṣe ń ṣe ní ètè náà ló ń ṣe ní ìka: ojúlé kan ló ń padà sí. Ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára, tó ní àtọ̀gbẹ tàbí HIV, kó má dúró wò ó nílé. Ilé ìwòsàn ńlá tó ń sin Pọ́bẹ̀, Kétu àti Adja-Ouèrè wà ní Pọ́bẹ̀. Ìlú yẹn náà ni ibùdó ìtọ́jú ọgbẹ́ Buruli wà, ojú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ti mọ́ egbò awọ ara.

Ojú tún wà níbẹ̀. Ẹni tí egbò wà létè rẹ̀, tó fọwọ́ kàn án, tó sì fi ọwọ́ náà nu ojú láìfọ̀ ọ́, lè gbé e lọ síbẹ̀. Ojú á pọ́n, ọ̀kan ṣoṣo lọ́pọ̀ ìgbà, á máa ṣomi, ìmọ́lẹ̀ á máa gún un. Bó bá pẹ́, ó lè fi àpá sílẹ̀ lórí ẹyinjú tí èèyàn ò fi ní ríran dáadáa mọ́. Ohun méjì ni mo bẹ̀rù jù níbí. Àkọ́kọ́ ni omi ewé tàbí omi ọmú tí wọ́n ń kán sójú. Èkejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: oògùn ojú tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dì nínú, tí èèyàn rà láìṣàyẹ̀wò. Á mú kí ojú funfun fún ọjọ́ méjì, inú aláìsàn á dùn, fáírọ́ọ̀sì á sì máa jẹ ẹyinjú lọ lábẹ́lẹ̀.

Mo mọ̀ pé èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí máa bí àwọn kan nínú. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àgbà á ti ìka bọ oyin, á fi kan ọmọ létè; á ti ìka bọ iyọ̀, á tún fi kàn án. Nílé mìíràn, àgbà náà á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ á máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, tí oníkálukú á máa fẹnu kò ó lẹ́nu. N kò ní kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú ìsọmọlórúkọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan kò ní agbára tí àgbà fi ń lé hẹ́píìsì sẹ́yìn. Lára rẹ̀, ó lè dé ọpọlọ, ó lè dé ẹ̀dọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n: àwọn onímọ̀ ṣírò o sí nǹkan bí ọmọ mẹ́wàá nínú 100,000 tí wọ́n bí láyé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kó o lára ìyá nígbà ìbí, kì í ṣe lọ́wọ́ àlejò. Ìyá tó ti ní hẹ́píìsì látọjọ́ pípẹ́ máa ń fún ọmọ inú rẹ̀ ní èròjà ìdáàbòbò díẹ̀. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o ní oṣù tó kẹ́yìn oyún ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù, kó sọ ọ́ fún agbẹ̀bí. Àmọ́ bí wọn kò bá tètè tọ́jú àwọn ọmọ tó kó o, ó lé ní ìdajì wọn tó ń kú.

Ohun tí a máa ṣe kò ní ìnáwó. Kí bàbá àgbà fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kó tó ki ìka bọ oyin. Kó tọ́ ti tirẹ̀ wò pẹ̀lú ìka mìíràn. Bí egbò bá wà létè rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó fi ṣíbí tó mọ́ fún ọmọ ní tirẹ̀, tàbí kó ṣe àdúrà kí ẹlòmíràn sì fọwọ́ kan ọmọ. Ní ti ìfẹnukonu, ẹsẹ̀ ọmọ wà níbẹ̀, ẹ lọ fẹnu kò ó. Bí ọmọ kò bá mu ọyàn mọ́, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tó tutù jù, tó rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, tàbí tí ìléròró yọ sí i lára, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ àárín tọkọtaya kò ní gbà mí lákòókò púpọ̀, torí ọwọ́ kò ní ipa ńlá níbẹ̀. HSV-2 ń ràn nígbà tí abẹ́ bá kan abẹ́. Kọ́ńdọ́ọ̀mù ń dín in kù, kò dá a dúró pátápátá, torí egbò lè wà níbi tí kò bò. Ọwọ́ tó kan egbò tó tutù, tó sì kan abẹ́ ẹnìkejì lójú ẹsẹ̀, lè gbé e, ṣùgbọ́n ìyẹn ṣọ̀wọ́n gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbálòpọ̀ fúnra rẹ̀. Àga ilé ìyàgbẹ́, garawa ìwẹ̀ àti aṣọ tí a sá sóòrùn kì í ṣe ọ̀nà rẹ̀. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn orogún tó ń tìtorí garawa bára wọn jà, àti nítorí ọkọ tó rí egbò lára ìyàwó tó sì gbà pé àná ló kó o. Ó lè ti sùn sára ọ̀kan nínú wọn fún ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó pàdé. Ohun tó yẹ kí tọkọtaya bá wá sílé ìwòsàn ni àyẹ̀wò HIV, torí ẹni tó ní HSV-2 tètè ń kó HIV ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta.

Oògùn wà. Acyclovir dé ilé oògùn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Láti inú yàrá ìwádìí Gertrude Elion ló ti wá, obìnrin tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988. Kò lè lé fáírọ́ọ̀sì kúrò nínú iṣan tó sùn sí. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dí i lọ́wọ́ bíbí sí i, nítorí náà, ọjọ́ tí ètè tàbí ìka bá bẹ̀rẹ̀ sí yún ló wúlò jù, kì í ṣe ọjọ́ kẹfà tí egbò ti ń gbẹ. Fún ojú àti fún ọmọ tuntun, dókítà nìkan ló lè sọ èyí tí wọ́n máa lò àti bí wọ́n ṣe máa lò ó. Ẹ rà á níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ní oṣù Kejì 2017, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kó ọlọ́pàá lọ bá àwọn tó ń ta ayédèrú oògùn ní Adjégounlè ní Kútọnu, ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ oògùn ṣì ń yí ọjà ká lórí obìnrin tí kò mọ ohun tó ń tà, páálí rẹ̀ ti ṣá lóòrùn, ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán ti pa rẹ́ lára rẹ̀.